Àká Tó Kún: Kí A Tó Pa Ìwé Ọjà Rẹ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ 14 tí Toyota fi ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Jàpáánì dákẹ́. Iná kò jó wọn, omi kò ya wọ̀ wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Àyè ni ó tán nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú ìwé ọjà wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìyẹn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Arigbo, ní Dassa-Zoumè, láàárín àwọn obìnrin tí ń yan gàrí. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì fi kọ́ wa.

Ọjọ́ tí ìwé kò gbà mọ́

Ẹni tí ó bá kúrò ní Kútọnù, tí ó rin nǹkan bí 200 kìlómítà lọ sí ìhà àríwá, yóò rí àwọn òkè Dassa-Zoumè níwájú rẹ̀. Ìlú òkè 41 ni a ń pè é. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan ń lọ sí Parakou, èkejì ń gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ní ẹsẹ̀ òkè Arigbo ni ihò àpáta tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń bu ọlá fún Màríà Wúńdíá wà. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò a máa ti gbogbo ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká wá síbẹ̀. Àsìkò ọjà ni fún ẹni tó bá ní oúnjẹ láti tà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni mo yà kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí mo ti ń kọ́ ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní èdè wa láti ọdún mélòó kan. Ogójì ni wọ́n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní í gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko. Wọn a bó o, wọn a rin ín, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì yan án. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dára, àpò gàrí a tò dé àjà nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí.

Káyé ni wọ́n fi ń kọ ọjà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan fún wọn ní kọ̀ǹpútà àlòkù, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè ní ordinateur. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú wọn, ni ó ń bá wọn kọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: iye abọ́ ẹ̀gẹ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé wá, iye gàrí tí ó jáde, iye tí a tà, iye tí ó kù nílẹ̀, owó tí a san àti èyí tí a ṣì jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo dé, mo bá ọmọ náà tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀.

— Ẹ kú àárọ̀, Ìyálẹ́gbẹ́. Kò gbà mọ́ o.

— Kí ni kò gbà, ọmọ mi?

— Ìwé ọjà ni, Ìyá. Àyè ti tán nínú ẹ̀rọ. Mo ní kí n pa ti àtijọ́ rẹ́, kí a lè rí ibi kọ ti òní.

— Ti àtijọ́ wo? Èyí tí a kò tíì san owó rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí Ìyálẹ́gbẹ́ tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ṣe kùùkùù, kò dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́ jù, ó pa á, ó sì tún un tàn. Ìwé ọjà kò ṣí mọ́.

A béèrè ẹ̀dà. Ó ní ẹ̀dà wà, pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní í máa ṣe é ní alaalẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú dísìkì kan náà ni ẹ̀dà ọ̀hún ń lọ, láti ìgbà tí àyè sì ti ń há ni ẹ̀rọ kò ti rí ibi kọ ọ́ sí mọ́. Ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i. Ẹ̀dà ìkẹyìn tó ṣeé ṣí ti pé oṣù mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tó wà nínú oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ mọ́ iye tí ẹgbẹ́ jẹ ìyá yìí, tàbí iye tí ìyá tọ̀hún ti gbà sílẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó dé. Àpò gàrí wà ní yàrá, ojú lè kà á. Ta ni ó ni ohun tó wà nínú àpò náà? Èyí ni ojú kò lè kà. Mo rí i tí àwọn obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ara wọn.

Ilé iṣẹ́ 14 dúró lẹ́ẹ̀kan

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí a lọ sí Jàpáánì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere lójú gbogbo ayé.

Ilé iṣẹ́ Toyota kì í kó ẹrù jọ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀gá kan níbẹ̀, Taiichi Ohno, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí irin, táyà, gíláàsì àti wáyà máa dé ní àkókò tí a nílò wọn gan-an, kí owó má baà sùn sínú àká. Wọ́n ń lo káàdì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kanban. Káàdì náà ń bá àpótí ẹrù rìn. Bí àpótí bá ṣófo, káàdì a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ẹrù náà láti sọ pé: ó tó àkókò, ẹ gbé òmíràn wá. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tí kò bá kó ẹrù jọ sílé gbọ́dọ̀ ní ìwé tó dájú, nítorí ìwé yẹn ni àká rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe láti ìgbà dé ìgbà lórí àwọn sáfà tí a fi ń béèrè ẹrù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n ń pa ìsọfúnni tó ti kó jọ rẹ́, wọ́n sì ń tò èyí tó kù. Ẹ kíyè sí i: ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe. Láàárín ìmọ́tótó yẹn ni àyè dísìkì kò tó, tí iṣẹ́ sì dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ arọ́pò, ṣùgbọ́n orí ètò kan náà ni tòun náà wà. Àìsàn kan náà mú un, wọn kò sì lè yí iṣẹ́ sí orí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, ilé iṣẹ́ 12 dúró. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo 14 ni ó ti dúró. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ tí Toyota ń ṣe ní gbogbo ayé ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kó ìsọfúnni lọ sí orí sáfà tí àyè rẹ̀ tóbi jù, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ náà ṣàlàyé ní gbangba, ó sì sọ pé kì í ṣe àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọlu òun.

Àwọn àgbà wa ní bí ilé kò bá kan ilé, kì í jó àjóràn. Ẹ̀dà tó wà lórí dísìkì kan náà pẹ̀lú ojúlówó, ilé tó kan ilé ni. Ní Jàpáánì, ọ̀rọ̀ náà gba ilé iṣẹ́ 14. Ní Arigbo, ó gba obìnrin 40. Àṣìṣe kan náà ni.

Ògiri ìyá mi àgbà

Ìyá mi àgbà kò mọ ìwé. Ó ń ta epo pupa, ó sì ń ta àwìn. Èédú ni ó fi ń kọ gbèsè sára ògiri yàrá rẹ̀: ìgò kan, ilà kan. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ lára ògiri.

Nígbà tí ògiri bá kún, kò jẹ́ fi omi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. A pe àwọn onígbèsè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ka ilà wọn lójú ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá san, ó parí. Ẹni tí kò bá lè san, ìyá mi àgbà a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ilà rẹ̀, a di í sínú àkísà tí àmì ẹni náà wà lára rẹ̀, a sì gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀ tó ń gbé agbolé mìíràn. Nígbà tí èyí bá parí ni yóò tó po amọ̀, tí yóò sì tún ògiri rẹ́. Títí ọjọ́ tí amọ̀ yóò fi gbẹ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ń kọ àwìn tuntun sí, nítorí kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kún láé.

Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé obìnrin yìí ti mọ gbogbo òfin tó de àká ìsọfúnni, ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní base de données. Ó ń parí ìṣirò kí ó tó pa nǹkan rẹ́. Ó ń fi ẹ̀dà sí ilé mìíràn. Ó ń fi àyè kan sílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kún.

Ìdí tí píparẹ́ kì í fi í dá àyè sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí nǹkan bá kún, kí a yọ díẹ̀ kúrò, àyè yóò sì wà. Bẹ́ẹ̀ ni ti àpò gàrí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ti àká ìsọfúnni, nǹkan mẹ́ta ni ó sì fà á.

Èkíní, bí a bá pa ìlà kan rẹ́, ẹ̀rọ a kàn fi àmì sí ibẹ̀ pé ó ṣófo. Fáìlì náà kì í sábà kéré sí i. Bí ọmọ ilé ìwé bá fi rọ́bà pa ojú ewé 10 rẹ́ nínú káyé olójú ewé 100, káyé náà kò di fẹ́lẹ́. Ojú ewé 100 náà ni. Ìlà tuntun lè wọ ibi tó ṣófo lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n dísìkì kò rí nǹkan kan gbà padà.

Èkejì, kí ẹ̀rọ tó pa nǹkan rẹ́, ó ní láti kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ná pé, èyí ni mo fẹ́ pa rẹ́, kí ó lè dá a padà bí iná bá lọ lójijì. Ìwé ìrántí náà fúnra rẹ̀ ń gba àyè. Bí a bá ní kí ó pa ìlà 100,000 rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ìrántí yóò wú ní kíákíá. Bí àyè bá ti tán pátápátá, kò ní rí ibi kọ ọ́ sí, yóò sì dúró ní agbedeméjì. Agbedeméjì yìí ni ó léwu jù: bí ènìyàn bá wá fi ipá pa ẹ̀rọ níbẹ̀, ìwé lè má ṣí mọ́. Ohun tó bá ọmọ wa ní Arigbo nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, bí a bá fẹ́ kí fáìlì kéré ní tòótọ́, a ní láti sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó fún un pọ̀. Láti fún un pọ̀, ọ̀pọ̀ ètò ní í da gbogbo ohun tó kù kọ sí fáìlì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ó tó sọ ti àtijọ́ nù. Bí ohun tó kù bá jẹ́ gígábáìtì 4, àyè gígábáìtì 4 mìíràn ni yóò béèrè. Ẹni tó fẹ́ gbá yàrá gbọ́dọ̀ rí ibi gbé àga sí ná.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe nígbà tí àyè ṣì wà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àká kọ̀ọ̀kan ní òrùlé tirẹ̀

Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í hàn sójú. Dísìkì lè tóbi, kí ìwé ọjà sì kún síbẹ̀, nítorí ètò tí a fi ń kọ ọ́ ní òrùlé tirẹ̀. Ojú ewé Excel ti òde òní kò gbà ju ìlà 1,048,576 lọ. Irú ti àtijọ́, èyí tó wà kí ti ọdún 2007 tó jáde, kò gbà ju 65,536 lọ. Fáìlì Access kò gbọdọ̀ ju gígábáìtì 2 lọ, bí dísìkì ìbáà tóbi tó òkè.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí kọ́gbọ́n ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn wà lára wọn kò sí nínú iye tí a ń kéde lójoojúmọ́. Irú fáìlì àtijọ́ yẹn ni a ń da èsì àyẹ̀wò sí. Nígbà tí ìlà rẹ̀ kún, àwọn èsì tó kù kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Àwọn tí ó yẹ kí a kìlọ̀ fún pé wọ́n ti bá aláìsàn pàdé kò tètè gbọ́. Àká tó kún tí ó pariwo, èyí tó sàn nìyẹn. Èyí tó burú jù ni èyí tí ó kún tí ó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ obìnrin 40 ṣe ìṣirò. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá gbé ẹ̀gẹ́ wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìgbà 120 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, àti 6,240 lọ́dún ọlọ́sẹ̀ 52. Lójú ẹni tó ń kọ ọ́, kò pọ̀: ìlà 65,536 yóò gbà á fún ọdún 10 àti àbọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìlà kan. Ẹ̀gẹ́ wọlé, ìlà kan. Gàrí jáde, ìlà kejì. A tà á, ìlà kẹta. A san owó, ìlà kẹrin. Ìlà 24,960 ni lọ́dún. Kò ní tó ọdún mẹ́ta kí ìwé náà tó kún. Bí a bá sì ń fi àwòrán ìwé ẹ̀rí kún un, dísìkì yóò kún kí ìlà tó kún. Ẹni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ lè mọ ọjọ́ tí àká rẹ̀ yóò kún láti ọjọ́ tí ó ṣí i. Ìṣirò kíláàsì wa ni. Kò béèrè oyè ẹ̀rọ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Bí ẹ̀rọ bá sọ fún yín lónìí pé àyè ti tán, ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ tẹ̀ lé èyí ní ìtẹ̀léra:

1. Ẹ dá ìkọ̀wé dúró. Kí gbogbo ẹni tó ń kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ simi. Ẹ mú káyé, kí ẹ sì máa kọ ọjà ọjọ́ náà síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

2. Ẹ ṣe ẹ̀dà sí ibòmíràn: orí dísìkì mìíràn tàbí kílè USB. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni.

3. Ẹ wá àyè kún àyè kí ẹ tó pa nǹkan rẹ́. Ẹ kó àwòrán, orin àti fíìmù kúrò lórí ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ gbé ìwé ọjà lọ sórí dísìkì tó tóbi jù. Ohun tí Toyota ṣe láti bọ́ nínú ìdààmú nìyẹn.

4. Ẹ pa ọdún dé, ẹ má ṣe fa ọdún ya. Ẹ mú ọdún tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ ti parí, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni, kí ẹ dà á kọ sí fáìlì tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bí ó bá ṣeé ṣe. Iye tó kù nílẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun.

5. Nígbà yìí ni ẹ tó lè pa ti àtijọ́ rẹ́, díẹ̀díẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún fáìlì pọ̀. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ ọjà, ẹ má sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí èrò ń bọ̀.

6. Ẹ wọ yàrá ọjà, kí ẹ ka àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi iye náà wé ohun tí ẹ̀rọ wí. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí jẹ́ ìwòsàn. Ìdènà rẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí a yan ẹnìkan tí yóò wo àyè ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sára ògiri. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ti lọ, kí ẹgbẹ́ pàdé lórí rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí gàrí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa jáde lọ sí òkè òkun. Ilé iṣẹ́ ni ó ní láti gbà kọjá ní ilé, bíi àwọn tó wà ní Glo-Djigbé. Kajú sì pọ̀ ní agbègbè àwọn òkè wa. Èyí ń sọ fún wa pé púpọ̀ nínú ohun tí àgbẹ̀ wa ń ṣe ni yóò máa wọ inú ìwé ẹ̀rọ kan tàbí òmíràn kí owó rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ìwé yẹn bá kún, tí ó dákẹ́, àgbẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kò ní ẹnu láti fi béèrè.

Káyé 38

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin wa? Káyé ni ó yọ wọ́n.

Láti ìgbà tí a ti ń ṣe kíláàsì ni mo ti ń rọ̀ wọ́n pé kí oníkálukú ní káyé tirẹ̀, kí ó máa kọ ọjọ́, iye abọ́ àti owó. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, àwọn kan ti ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́, bóyá nítorí pé mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, 38 nínú 40 gbé káyé wọn wá. Ìkọ̀wé òmíràn wọ́, àmì ohùn òmíràn kò pé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wà níbẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin kan a dìde, a ka tirẹ̀ sókè, àwọn tó kù a gbọ́, ọmọ náà a sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ẹnìkan a ní, rárá, ọjọ́ yẹn a kò ṣiṣẹ́, òjò rọ̀. Wọn a wò ó lára káyé ẹlòmíràn, wọn a sì tún un ṣe.

Ìyá méjì ni kò ní àkọsílẹ̀. Ọ̀kan ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́, kò sì gbé ẹ̀gẹ́ púpọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tètè parí. Èkejì sọ iye kan, ẹlẹ́rìí sọ iye tó kéré sí i, ẹgbẹ́ sì san èyí tí ẹlẹ́rìí sọ. Ó gbà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Títí di òní, bí mo bá kí i, a máa rán mi létí. N kò mọ ẹni tó jàre. Ohun tí ó sọnù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an sì ni ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá náà ti wọ kíláàsì báyìí. Iwájú ni ó ń jókòó sí.

Ọmọkùnrin náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìyálẹ́gbẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lé e. Ó ní ẹni tó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tí kòtò wà. Kílè USB méjì ni wọ́n ń lò nísinsìnyí: ọ̀kan wà nínú àpótí ẹgbẹ́, èkejì wà ní ilé Ìyálẹ́gbẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn ní ọjọọjọ́ ìpàdé. Ìwé ọdún tó parí wà nínú fáìlì tirẹ̀, bébà rẹ̀ sì wà lábẹ́ àtẹ́lẹ̀ àpótí kan náà.

Ní ìpàdé wọn tí mo lọ gbẹ̀yìn, kí a tó sọ̀rọ̀ owó, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, Ìyálẹ́gbẹ́ yíjú sí ọmọ náà.

— Ọmọ mi, àyè mélòó ni ó kù?

Ó dáhùn. Ó sì fi èédú kọ ọ́ sára ògiri.